Lánlọ́ọ̀dù ní òun ni kí n san owó ilé fún, éjẹ́ǹtì náà ní òun ni: ta ni kí n dá lóhùn?

Àbẹ̀kẹ́_Tèmi · ọjọ́ Ajé, 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn, láti ọjọ́ Ẹtì ni oorun ti dá lójú mi.

Ilé tí mò ń gbé yìí, éjẹ́ǹtì ló bá mi wá a, òun ló mú mi wọlé, òun ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ni mo sì ń san owó ilé fún látọdún méjì, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kàn án, lọ́jọ́ tó wá wo òrùlé tó ń jò. Lọ́jọ́ Ẹtì bí mo ṣe tibi iṣẹ́ dé, mo bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, kí n má san owó kankan fún un mọ́, nọ́ńbà àkáǹtì tuntun rèé. Kò sí déètì lórí ẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n fi bírò kọ sísàlẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù kan.

Mo pe éjẹ́ǹtì. Àfi bíi pé mo da omi gbígbóná sí i lára. Ó ní irọ́ ni, ó ní àdéhùn òun àti lánlọ́ọ̀dù ṣì ku oṣù méje, pé lánlọ́ọ̀dù jẹ òun ní kọmíṣọ̀n àti owó tóun fi ṣe òrùlé yẹn, pé tí mo bá fi san owó ilé fún ẹlòmíì òun á wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni lánlọ́ọ̀dù pè, ohùn ẹ̀ tutù o, ó ní owó oṣù mẹ́ta tí mo san kẹ́yìn ò dé ọwọ́ òun rárá, pé mo ṣì jẹ òun. Mo san án o! Dìpósíìtì mi náà wà lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì.

Owó mìíì máa pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe pé mi ò ní in, owó wà nílẹ̀. Ta ni kí n san án fún? Àbí kí n dì í mú títí wọ́n á fi parí ìjà wọn?

BàbáÌbejì · ọjọ́ Ajé, 7:41 àárọ̀

Àbúrò mi, ta ló nilé? Lánlọ́ọ̀dù ni. Iṣẹ́ ni wọ́n rán éjẹ́ǹtì, ẹni tó rán an sì ti ní kó má jẹ́ ẹ mọ́. San owó fún onílé, gba rìsíìtì, kó o lọ sùn.

Adùnní_Aláṣọ · ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n BàbáÌbejì, ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé onílé ló kọ ìwé yẹn? Ìwé tí ò ní déètì, tí wọ́n tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn!

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Irú ìwé báyìí ni wọ́n fún mi nígbà kan, pé kí n má sanwó fún éjẹ́ǹtì mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n, mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà láti bèèrè bóyá òótọ́ ni, ẹni tó gbé e sì ní òótọ́ ni. Ẹni tó kọ ìwé náà ni mo pè! Mo wá sanwó. Àṣé àbúrò onílé ni, onílé ti kú, àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ló ń du ilé náà, èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn ni éjẹ́ǹtì ń ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú lọ́yà, wọ́n ní mi ò tíì sanwó. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san án lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀. Mi ò gba ti àkọ́kọ́ padà títí dòní.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wá àgíríméǹtì ẹ tó o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó o kó wọlé, wo orúkọ onílé àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọjọ́ yẹn ni kó o pè, kì í ṣe ti orí ìwé tuntun.

Káyọ̀dé_K · ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Di owó ẹ mú jàre. Wọn ò lè máa jà lé ẹ lórí kó o tún máa náwó fún wọn. Tó bá sú wọn wọ́n á parí ẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o wá san.

Akọ̀wé_Lọ́yà · ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ mo ti ń bá lọ́yà ṣe akọ̀wé fún ọdún mọ́kànlá, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Káyọ̀dé, ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ gbà á yẹn ló ń lé èèyàn kúrò nílé. Tí owó bá pé tí kò san án, gbèsè ni wọ́n máa kà á sí, adájọ́ ò ní bi í pé ta ló ń bá ta jà.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ má da àwọn owó yẹn pọ̀ mọ́ra o.

Èyí tẹ́ ẹ ti san, ti oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Ọwọ́ onílé ni éjẹ́ǹtì jẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ san án, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún yín pé wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọdún méjì lẹ sì ti ń san án fún un tí onílé mọ̀ tí ò sọ nǹkan kan. Nínú òfin tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ẹni tó bá sanwó fún éjẹ́ǹtì tí onílé yàn láti máa gbowó ti sanwó fún onílé. Tí éjẹ́ǹtì bá kó o jẹ, éjẹ́ǹtì ni kí onílé lọ dì mú. Kódà ká ní onílé ti lé e kúrò lóṣù tó ṣáájú, tí ẹ ò bá gbọ́, tí kò sì sóhun tó ta yín lólobó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí.

Ti èyí tó ń bọ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Látọjọ́ tí onílé bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun ti gbaṣẹ́, tẹ́ ẹ bá tún lọ san án fún éjẹ́ǹtì, ọrùn yín ló máa wà. Oṣù méje tó ní ó kù yẹn, ọ̀rọ̀ òun àti onílé ni, ẹ̀yin ò sí nínú àdéhùn yẹn. Tí onílé bá da àdéhùn, kí éjẹ́ǹtì pè é lẹ́jọ́, kó gba owó gbà-máà-bínú. Àmọ́ òótọ́ ni Adùnní sọ, ó gbọ́dọ̀ dá yín lójú pé onílé gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ̀wé sáwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ ní owó wà nílẹ̀, iye ẹ̀ rèé, ẹ fún mi níwèé tó ní déètì, tí onílé fọwọ́ sí, tó sọ ẹni tí màá san án fún. Ẹ fi owó náà sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tẹ́ ẹ kì í ná.

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ bèèrè ti ibi tẹ́ ẹ wà. Bí àpẹẹrẹ, ní England, òfin onílé àti ayálégbé tọdún 1985 sọ pé tí ayálégbé bá kọ̀wé béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì onílé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó ilé, 21 ọjọ́ ni onítọ̀hún ní láti fi dá a lóhùn, tó bá kọ̀ láìnídìí ó ti rú òfin. Dìpósíìtì náà, níbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ilé táwọn èèyàn ń yá gbé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín 30 ọjọ́. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní tiẹ̀ ka àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì: déètì, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà wà fún. Kódà níbi tí òfin ò bá ti sọ ọ́, irú rìsíìtì yẹn ni kẹ́ ẹ máa gbà.

Ṣọlá_Ayọ̀ · ọjọ́ Ajé, 12:05 ọ̀sán

Ṣé ẹ ò lè pín owó náà sí méjì ni? Ìdajì fún lánlọ́ọ̀dù, ìdajì fún éjẹ́ǹtì, kí àlàáfíà jọba.

Adùnní_Aláṣọ · ọjọ́ Ajé, 12:09 ọ̀sán

Ṣọlá rárá o. Onílé máa ní ó ṣẹ́ku ìdajì, òótọ́ ló sì máa sọ.

Alábòójútó_Ilé · ọjọ́ Ajé, 3:48 ọ̀sán

Iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ torí mo rí i pé gbogbo ẹ̀bi ti fẹ́ wà lórí wa.

Onílé kan wà tí mo bá wá ayálégbé, tí mo fi owó ara mi tún ilé ẹ̀ ṣe kó tó rẹ́ni gbé e, àfi bí ayálégbé ṣe wọlé tán ló ní òun ò nílò mi mọ́, kó má bàa san kọmíṣọ̀n. Ó dùn mí wọra. Torí náà inú tó ń bí ọkùnrin yẹn, ó yé mi. Àmọ́ kò sígbà kankan tí mo lọ kan ilẹ̀kùn ayálégbé nítorí ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ní òun máa pààrọ̀ yẹn, kò tọ́, kò sì sí nínú iṣẹ́ wa. Onílé gan-an, lọ́pọ̀ ibi, kò lè ti ayálégbé síta láìgba iwájú adájọ́, áńbọ̀tórí éjẹ́ǹtì.

Ohun kan tẹ́yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ ò tíì rí: ó ṣeé ṣe kí éjẹ́ǹtì má kó owó oṣù mẹ́ta yẹn jẹ, kó jẹ́ pé ó yọ ọ́ dí gbèsè tí onílé jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń ṣe é. Àbẹ̀kẹ́, ìsinsìnyí tó ṣì ń retí owó lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, ẹ má pè é o, ẹ tẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó oṣù mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí tẹ̀ yín lọ́wọ́?" Kò ní kọ̀ láti dáhùn. Tó bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ ti bọ́ nínú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ ti sanwó fún onílé tán, ó lè má gbé fóònù yín mọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Tèmi · ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi. Mo ti tú gbogbo àpótí. Mo rí àgíríméǹtì. Orúkọ onílé wà níbẹ̀, éjẹ́ǹtì fọwọ́ sí i "lórúkọ onílé", ojú ìwé kẹrin sì sọ pé owó ilé á máa lọ fún onílé tàbí ẹni tó bá fi ìwé yàn. Rìsíìtì mẹ́jọ ló yẹ kó wà, méje ni mo rí. Èyí tí ò sí gan-an ni ti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ń jà lé lórí, torí fóònù ni mo fi ránṣẹ́, ó ní òun á mú rìsíìtì wá, kò mú un wá. Àmọ́ ó wà nínú àkọsílẹ̀ báńkì mi.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tuntun yẹn kì í ṣe orúkọ onílé. Orúkọ obìnrin ni, orúkọ bàbá wọn ò sì jọra.

BàbáÌbejì · ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́

Háà. Èyí yàtọ̀ o. Mo gba ọ̀rọ̀ mi àárọ̀ padà. Má san án síbẹ̀.

Onílé_Àgbà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Èmi onílé ni mí, mo ti lé éjẹ́ǹtì kúrò rí, bí onílé tiyín ṣe ṣe é yìí ni mo ṣe é, mo kọ̀wé ránpẹ́ mo rán ọmọ pé kó pín in. Ayálégbé mẹ́ta ò sanwó, mo bínú, mo rò pé wọ́n gbè sẹ́yìn éjẹ́ǹtì ni. Ìgbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi lọ, tí mo mú àgíríméǹtì tèmi àti káàdì ìdánimọ̀ mi dání, ni ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún, ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó yẹ kí n mọ̀. Torí náà ẹ má ṣe rò pé olè ni tiyín, ó ṣeé ṣe kí àkáǹtì yẹn jẹ́ ti ọmọ ẹ̀ tó ti relé ọkọ, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń lo ti ọmọ. Síbẹ̀ ẹ má san án síbẹ̀ àyàfi tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ san án síbẹ̀.

Akọ̀wé, mo fẹ́ ta kò yín níbì kan. Owó tó wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, owó Àbẹ̀kẹ́ ṣì ni, kò tíì san án. Tó bá fi máa dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì, èmi gẹ́gẹ́ bí onílé màá ní ó jẹ mí.

Akọ̀wé_Lọ́yà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ sà, mi ò là á yé wọn tó. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ yẹn wà láti fi hàn pé ó ṣe tán àtisanwó ni, kò lè rọ́pò owó sísan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí ni kó ti mọ ẹni tó jẹ́ onílé, kó sì san án lọ́jọ́ tó pé gan-an. Láwọn ibì kan ọ̀nà wà téèyàn lè gbà gbé owó táwọn méjì ń jà sí wá síwájú kọ́ọ̀tù, kí kọ́ọ̀tù sọ ẹni tó ni ín, àmọ́ ó ń náni lówó, mi ò ní ní kí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Tèmi · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo ti kọ lẹ́tà náà, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Sí onílé àti éjẹ́ǹtì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Èmi ò mọ ẹni tó nilé mọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Owó ilé mi tó máa pé lọ́jọ́ báyìí wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi níwèé tí onílé fọwọ́ sí, tó ní déètì, tó sọ ẹni tí kí n san án fún àti àkáǹtì tí kí n san án sí. Mo ti san owó oṣù mẹ́ta tó kọjá fún éjẹ́ǹtì, ẹ̀rí báńkì rèé. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi pẹ̀lú ẹni tí dìpósíìtì mi wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Akọ̀wé_Lọ́yà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:32 ọ̀sán

Ó dáa. Ẹ yọ "mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú" kúrò, ẹ ò ṣẹ ẹnì kankan. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, "èmi ò mọ ẹni tó nilé", ẹ tètè yọ ọ́! Láwọn ibì kan, ayálégbé tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni báyìí kọ́ ló nilé lè torí ẹ̀ pàdánù ilé náà. Iyè méjì yín ò sí lórí ẹni tó nilé, ẹni tó kọ ìwé abẹ́ ilẹ̀kùn lẹ ò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Alábòójútó_Ilé · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Ẹ kọ déètì sókè lẹ́tà yín o, ẹ ti gbàgbé ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ yín bó ṣe wà báyìí, kí ará ilé kan mọ̀ sí i, tó bá fi dé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò sí nílé. Tó bá fi pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má bá a jà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pe ọlọ́pàá àti onílé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbẹ̀kẹ́_Tèmi · ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Éjẹ́ǹtì fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Bí Alábòójútó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, ó kọ ọ́ pé "mo gba owó náà, mo yọ ọ́ nínú gbèsè tó jẹ mí". Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kà á, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi sínú fáìlì.

Mo pe nọ́ńbà tó wà nínú àgíríméǹtì, onílé fúnra ẹ̀ ló gbé e. Àná ló wá, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ yẹn náà ló ni àkáǹtì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, Onílé_Àgbà. Ó mú káàdì ìdánimọ̀ dání. A jókòó sídìí tábìlì, mo tẹ́ àgíríméǹtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tuntun tó gbé wá, mo ní kó fọwọ́ sí i lójú mi. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, bírò kọ́kọ́ kọ̀, ó fi ya ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn kí bírò náà tó ṣiṣẹ́. Fáìlì mi ní ẹ̀dà lẹ́tà kan tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó wá wo òrùlé, ìrù tó máa ń fà sábẹ́ orúkọ ẹ̀ bára mu. Ó ti ṣí àkáǹtì lórúkọ ara ẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa san án sí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Nígbà tí mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ éjẹ́ǹtì hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan, ó wá ní kí n fi ránṣẹ́ sóun. Kò tún dárúkọ oṣù mẹ́ta mọ́, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mi ò jẹ gbèsè kankan. Ti dìpósíìtì ni ò tíì yanjú, éjẹ́ǹtì ò tíì kó o sílẹ̀, àmọ́ onílé kọ ọ́ pé ọrùn òun ló wà tí mo bá ń kó jáde. Éjẹ́ǹtì ò wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Aládùúgbò mi tó wà lókè náà gba irú ìwé yẹn, kò tíì mọ ohun tó máa ṣe. Mo ti fi ojú ewé yìí hàn án.

Adùnní_Aláṣọ · ọjọ́ Àìkú, 5:21 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn o! Rìsíìtì ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Má gba èyí tí ò sọ oṣù tí owó wà fún.

Àbẹ̀kẹ́_Tèmi · ọjọ́ Ẹtì, 7:40 àárọ̀

Mo ti san án láàárọ̀ àná, ó mú rìsíìtì wá nírọ̀lẹ́. Oṣù tó ti kọjá ló kọ síbẹ̀, mo fi hàn án, ó fa ilà sí i, ó tún un kọ, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ṣàtúnṣe. Ẹ ṣeun, àǹtí mi.